Orúkọ Yín Tí Mo Fi Du Ọmọ Wàsíù

Bàbá mi àtàtà,

Ṣé ara tù yín níbẹ̀? Ara ò tu èmi níbí. Àná ni mo kúrò níbi ìsọmọlórúkọ ní Ìkòròdú. Mo tẹ̀lé Màámi wá sí Ẹ̀pẹ́. Wọn ò bá mi wí, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá ti dákẹ́, nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Wàsíù ló bímọ. Òun ni ọmọ ogun tí ìbọn bà lẹ́sẹ̀ lókè Ọya níbi tí ẹ ti ń tọ́jú àwọn ológun tó fara gbọgbẹ́, tí ẹ fi bẹ́líìtì yín dì í lẹ́sẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, tí ẹ gbé e lé èjìká dé inú ọkọ̀, tí ọta ìbọn ń fò kọjá lórí yín. Ó ní òun bẹ̀ yín pé kí ẹ wọlé, kí ọkọ̀ máa lọ. Ẹlòmíràn ṣì ń ké lọ́hùn-ún. Ẹ gbé báàgì oògùn yín, ẹ padà síbẹ̀, ibẹ̀ lẹ kú sí. Kí ló dé tí ẹ padà? Ṣé ẹ ò rántí wa ni?

Gbogbo ọdún Iléyá ni Wàsíù máa ń ti ọ̀pá rẹ̀ wá kí wa. Màámi á bu oúnjẹ fún un nínú abọ́ yín, èmi á wọ yàrá lọ. Ohun tí mo máa ń rò nínú yàrá yẹn kò dára, Bàbá. Mo máa ń rò ó pé ká ní òun ló kú, ẹ̀yin ni ẹ̀ bá jókòó sórí àga yẹn, kí ẹ máa fi bíléèdì gé èékánná yín kan ẹran, kí ẹ máa fọwọ́ dé ìgúnpá kí ẹ tó jẹun, kí Màámi máa ráhùn pé ẹ ti lo ọṣẹ tán. Mo mọ̀ pé òun kọ́ lẹ padà lọ gbé. Ìbínú ò gbọ́ ìyẹn.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin, ó tọrọ orúkọ yín lọ́wọ́ Màámi. Màámi gbà, wọ́n ní èmi ọmọ yín kan ṣoṣo ni kí n fẹnu ara mi sọ ọmọ náà ní Líàdì. Wọ́n mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń tọ́jú orúkọ yẹn de ọmọ tèmi. Gbogbo ọsibítù tí mò ń sáré kiri, Líàdì kékeré ni mò ń wá. Ọlọ́run ò tíì fún mi.

Ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ, á ju owó sínú abọ́ omi, á sì dárúkọ. Ó wá kàn mí. Wàsíù fi ọ̀pá dìde. Mo ju owó sómi, mo ní Jàmíù. Kò sí Jàmíù kankan nílé wa. Jàmíù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ló ń tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe. Ààfáà ṣe àmín, gbogbo wọn ṣe àmín. Màámi bojú wolẹ̀.

Mo retí kí Wàsíù bínú. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu dè é, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ ṣeun, àǹtí. Jàmíù, kí àǹtí rẹ.” Ó lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Líàdì fúnra rẹ̀. Kò sọ ọ́, nítorí pé èmi ò fún un.

Ẹ ò mọ Wàsíù rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tì í nínú ẹ̀jẹ̀, ṣé ẹ bi í pé ọmọ ta ni? Ṣé ẹ ro ohun tí yóò ná yín? Ẹ̀mí lẹ gbé fún un. Orúkọ lásán ni wọ́n ní kí n gbé fún ọmọ rẹ̀, mo fi dù ú.

Mò ń padà sí Ìkòròdú láàárọ̀ yìí. A ṣì lè fi orúkọ kún orúkọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Tí mo bá gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ, ó dà bíi pé mo ti gbà pé n ò ní bímọ mọ́. Síbẹ̀ n ó gbé e fún un. Ẹ ṣáà dúró tì mí títí n ó fi pè é tán.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín débi tó fi ṣìwà hù.