Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Dágbére

Bọ̀dá mi Gbádébọ̀,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Festac ń kí yín. Àdúràolúwa ọmọ mi ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, bàbá rẹ̀ sì ti ríṣẹ́ sí Kuje. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ìrora Màmá mọ́. Dókítà ní jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀, kò sóhun tí àwọn tún lè ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Níjọ́ tí ẹ gbàdúrà lórí fóònù, tí ẹ ń pàṣẹ kí àìsàn jáde, Màmá ń ṣe "Àmín" títí ohùn wọn fi há. Bí ẹ ṣe gbé fóònù sílẹ̀ báyìí, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní:

"Ṣìmí, ṣé Gbádébọ̀ ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí ni? Mo fẹ́ dágbére fún un, àdúrà ni ò jẹ́ kí n ráyè."

Èmi náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, mi ò rí ìyàtọ̀. Ní báyìí, mo kàn ń di ọwọ́ wọn mú, màá gbàdúrà jẹ́jẹ́ títí wọn á fi sùn. Kò wò wọ́n sàn, àmọ́ wọ́n ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún pè, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ.

Ọlọ́run á dá yín sí fáwọn ọmọ yín. Bí ẹ bá ti ka ìwé yìí tán, ẹ pè. Ohùn wọn ti ń lọ.

Èmi àbúrò yín,
Ṣìmí