Òkúta Rédíò Tí Mo Sá De Ọkọ̀ Rẹ

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
lẹ́bàá Ìjàyè.

Sàníù Àlàmú, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan. Ẹ kú ìfaradà ọ̀wọ́n epo. Ọlọ́run Ọba á máa ṣọ́ yín lọ, á máa ṣọ́ yín bọ̀ ní Èkó níbẹ̀, àmín. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú. Àgbàdo yọmọ dáadáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi jẹ ẹ́? Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, ẹ̀kọ tí mo bá rà láàárọ̀ ló ń di tọjọ́ kejì.

Mo gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lórí rédíò. Wọ́n ní nílùú òyìnbó kan, ìjọba ti ṣòfin pé kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò máa ṣe èyí tí kò ní mu epo rárá, iná mànàmáná ni yóò máa lò, àti pé ẹni tó bá fẹ́ rà á, ìjọba á bá a dá nínú owó rẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó, torí gbogbo lẹ́tà rẹ ló ń sọ pé àìsí epo ni kò jẹ́ kó o wálé. Jọ̀ọ́, tètè lọ forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó pín in tán. Bí wọ́n bá ní ta ló rán ọ, ní bàbá rẹ ni.

Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé kò síná lábúlé wa. Òpó tí wọ́n rì nígbà ìbò, ewúrẹ́ là ń so mọ́ ọn. Bí iná ọkọ̀ rẹ bá tán síbí ńkọ́? Ni mo bá ń kó òkúta rédíò tó ti kú jọ kiri ilé onílé, mo ń sá wọn lóòrùn kí wọ́n lè jí. Agbọ̀n kan ti kún. Mo yọ ti rédíò tèmi náà mọ́ ọn, òun ló lágbára jù. Ilé wá dákẹ́. Mo dá wà, Sàníù, àárò rẹ ń sọ mí.

Múyì, awakọ̀ oníṣu abúlé wa, fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ń ná Èkó nínú ọ̀wọ́n epo yìí, pé ọkọ̀ ń rìn, èrò sì ń wọ̀ ọ́ wálé. Mo ní kó má parọ́ mọ́ ọmọ mi, pé bó bá ṣeé ṣe ni, o ò bá ti wá. A ò kí ara wa mọ́.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀, òrùlé ń jò sórí ẹní mi, oògùn orúnkún náà sì ti tán. Má fi rán ẹnikẹ́ni, fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bí kò bá sí owó, máa bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà, kó o darúgbó. Lọ́jọ́ náà, epo ò ní wọ́n fún àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lìádì Ìyàndá.