Ìbọn Tí Mo Rà àti Àlejò Tó Gba Ẹ̀yìn Wọlé

Garland ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Cincinnati níbẹ̀ yẹn? Ṣé ìyàwó rẹ ti ń jẹun báyìí, torí ìgbà tí ẹ wá kí mi kẹ́yìn, mo wo apá rẹ̀, mo ní ha, apá rèé àbí igi ìgbálẹ̀? Ọlọ́run tó di àwọn òkè Kentucky wọ̀nyí mú tí wọn ò fi ya lu ilé wa, òun náà ni yóò di ìlú ńlá yẹn mú tí kò fi ní ya lù yín. Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún mi ń sọ ti òjò kí òjò tó dé, ṣùgbọ́n ẹnu ń jẹun, ojú ń ríran. Ẹ̀wà tí mo gbìn sẹ́yìn ilé so lọ́dún yìí débi pé mo ń wá ìgò tí n ó kó o sí. Adìẹ pupa yẹn ti kú, kì í ṣe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló pa á, ogbó ni.

Agogo ẹnu ọ̀nà tó ní ojú tí o fi ránṣẹ́, Estill aládùúgbò wa ti bá mi kàn án mọ́ iwájú ilé. Mo máa ń kí ọmọbìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò gbẹ̀kọ́ tó, gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ò ju pé ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹni ọ̀hún sì rèé, èmi tí mo ń kí i ni. Tí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń fi ọ̀rá bò ó lórí, torí ọmọ ẹlòmíràn náà ni.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé mo ti ra ìbọn. Má fò sókè, jókòó. O mọ̀ pé olè já ilẹ̀kùn Estill nígbà tí òun àti Maxine ìyàwó rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó oògùn ẹ̀yìn ríro Maxine lọ pẹ̀lú ayùn oníńjìnnì. Ìwọ náà sì pè mí lórí fóònù pé kí n ta ilé, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, tí sàréè rẹ̀ sì wà lórí òkè ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí, èmi ò lè gbé e sílẹ̀ fún olè tí mi ò tíì rí lójú. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá rẹ fi sílẹ̀ ti dípẹtà, ẹni tó bá yìn ín ló máa kọ́kọ́ ṣubú.

Estill ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, Verlie, ra èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà síwá sẹ́yìn, ìró rẹ̀ nìkan tó, olè tó bá gbọ́ ọ yóò sáré dé Tennessee kó tó mí. Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Brody lorúkọ ẹni tó ń tà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Mo ní kó to ìbọn kalẹ̀, kó máa fà wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Mo kẹ̀yìn sí i, mo dijú, mo ń fetí yàn án bí ẹni tó ń ra agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dún gbọ̀ngán-gbọ̀ngán bí ìgbà tí bàbá rẹ bá ń bínú ti ilẹ̀kùn. Mo ní ìyẹn ni mo fẹ́. Brody béèrè pé mà, ṣé ìró lẹ fẹ́ rà ni? Mo sọ ohun tí Estill wí fún un. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní mà, ìró kì í ṣe ògiri. Ó ní olè tí kò bá sá ńkọ́? Tí òun náà bá mú ìbọn dání, ìró yẹn kàn sọ ibi tí ẹ wà fún un ni. Mo ní òótọ́ lo sọ.

Ó wá bi mí pé ìbọn oní-nọ́ńbà méjìlá ni àbí ogún. Mo ní ọmọ mi, àgbàlagbà bíi tèmi, kí ni mo fẹ́ fi ogún ṣe, fún mi ní méjìlá kó lè kéré. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí bébà. Garland, méjìlá ọ̀hún gbá mi léjìká bí ìbaaka tó bínú. Ilẹ̀ ni mo bá ara mi, fìlà mi ti lọ. Ìgbà yẹn ni Brody tó ṣàlàyé pé nínú ọ̀rọ̀ ìbọn, nọ́ńbà tó kéré ni ẹnu ìbọn rẹ̀ tóbi, nọ́ńbà tó tóbi ni ẹnu rẹ̀ kéré. Mo ní ta ló ṣe irú ìṣirò yìí, àbájọ tí ìjọba fi jẹ gbèsè!

A bọ́ sórí ogún. Mo mú èyí tó fúyẹ́ bí ìyẹ́, mo ní èyí ni tìyá arúgbó, òun náà tún gbá mi. Brody ní fífúyẹ́ rẹ̀ gan-an ló fà á, pé ìwúwo ìbọn ló ń bá èèyàn gba ìjà rẹ̀. Èyí tó wá ṣe wẹ́kú kò wúwo jù, kò fúyẹ́ jù, ìdí rẹ̀ kúrú tó fi bá apá mi mu. Bí mo ṣe gbé e sójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bà lé e bí orí ṣe ń bà lé ìrọ̀rí. Mo yìn ín, ó tì mí bí àna ṣe ń fi eré ti èèyàn. Mo ní Brody, dì í. Ó tún fẹ́ kó iná pupa àti okùn èjìká àti oríṣiríṣi mọ́ ọn. Mo ní ogun kọ́ ni mò ń lọ. Iná tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo gbà, torí ó ní ojú gbọ́dọ̀ rí, ọkàn gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́, kí ìka tó dé ibi tó ń lọ.

Fọ́ọ̀mù tún wà. Wọ́n bi mí bóyá mo ń sá fún òfin. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá o, àfi ìgbà tí èmi àti bàbá rẹ sá lọ ṣègbéyàwó ní Virginia, bàbá mi sì ti dárí jì wá. Brody ní kí n kàn mú bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wá fi fóònù pe ìjọba, ó dárúkọ mi fún wọn. Kò pẹ́ ni wọ́n ní kó máa tà á fún mi. Garland, ìjọba mọ̀ mí! Wọn ò bi pásítọ̀, wọn ò bi Estill, wọ́n kàn ní ẹni rere ni. Mo ti kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí wọn.

Brody ní kí n má ṣe máa wá olè káàkiri ilé bí ẹni ń wá adìẹ. Ó ní kí n wọ yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, kí n pe ọlọ́pàá. Ìdí tó fi dáa tí mo gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu nìyí.

Ọjọ́rú tó kọjá, oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀, mo wà nínú yàrá, mò ń wá ìdérí ìgò. Mo gbọ́ gíláàsì ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wáá! Ọmọbìnrin inú agogo ò sọ nǹkan kan, iwájú ilé ló ń ṣọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí àpótí tí mo tọ́jú ìbọn sí, mo gbé e, mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì bí ẹni fẹ́ gbàdúrà, mo sì ń gbàdúrà lóòótọ́. Mo pe ọlọ́pàá. Obìnrin tó gbé e ní wọ́n ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, kí n má kúrò lórí láìnì. Mo ní ìyá, mi ò sí lórí láìnì kankan, ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, láìnì tí mo ní, ìta ni, aṣọ ni mo sá sí i.

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná. Mo pariwo pé mo ní ìbọn, mo ti pe ọlọ́pàá, má wọ yàrá yìí o. Mo sì fa ìbọn, ó dún. Ilé pa lọ́lọ́. Kò sá dé Tennessee, Garland. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀, ó ń bọ̀, mo rí i tí ọwọ́ ilẹ̀kùn mi ń yí. Ìka mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, kò tíì wọ inú. Mo ní ta nìyẹn? Mo tún ní, ta nìyẹn! Ohùn kan wá dáhùn, ó ń gbọ̀n. Ó ní Ìyá Verlie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín, èmi Corbin ni.

Corbin Sizemore tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá níléèwé! Oògùn ìrora tó ti di bárakú fún un ti jẹ ẹ́ kù sójú. Kò rí ọkọ̀ mi níta, Estill ló gbé e lọ lẹ taya, ó rò pé mi ò sí nílé ni. Mo ní Corbin, fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, lọ jókòó nídìí tábìlì, gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, kí o sì máa kọrin tí mo kọ́ ọ ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, kí n lè mọ ibi tí o wà. Ó ní òun ti gbàgbé ẹsẹ kejì. Mo ní máa kọ ẹsẹ kìíní lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ orin. Bí ẹkún bá dí i lọ́nà, màá kígbe pé orin dà? Obìnrin orí fóònù bi mí pé mà, ta ló ń kọrin níbẹ̀? Mo ní olè náà ni.

Mi ò ṣílẹ̀kùn títí ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n bá a níbi tí mo fi í sí, ọwọ́ lórí tábìlì, orin lẹ́nu. Òun náà ló ja ilé Estill, ó jẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó, omi tí mo gbé kaná hó títí ó gbẹ, n kò lè dìde.

Estill ní ó yẹ kí n yìn ín ni. Mo ní Estill, ẹni tó bá gba ilẹ̀kùn yàrá wọlé tọ̀ mí ni mo torí rẹ̀ ra ìbọn, ẹni yìí dúró níta. Maxine ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ náà rárá, n kò sì dá a lẹ́bi. Lọ́jọ́ Ajé, adájọ́ yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń gba irú wọn lọ́wọ́ oògùn, èmi yóò dìde níwájú adájọ́, màá ní kí wọ́n rán an lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí n kó wá sí Cincinnati, jẹ́ kó parí síbí.

Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi fún gíláàsì ilẹ̀kùn, àti ọta tí màá máa fi kọ́ ọwọ́. Kí o sì ra bàtà kan, tuntun ni o, má fi ògbólógbòó rẹ ránṣẹ́. Corbin ni mo fẹ́ kó wọ̀ ọ́, bó ṣe ń tẹ̀lé ọlọ́pàá jáde ni mo rí i pé ọ̀rá ló wé mẹ́sẹ̀ dípò ìbọ̀sẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta. Wọn ẹsẹ̀ ara rẹ rà á, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń wọ bàtà bọ́ọ̀lù kan náà lọ́dún tí bàbá rẹ̀ ò níṣẹ́. Jẹ́ kó dé kó tó di ọjọ́ Ajé, èèyàn kì í yọ ọmọ ìka níwájú adájọ́.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àbáwọlé àti àbájáde rẹ. Ọ̀rẹ́ tí o bá ní lónìí kò ní di àjèjì sí ọ lọ́la. Kí ìyàwó rẹ jẹun.

Èmi ìyá rẹ,
Verlie