Ọkọ̀ Òfurufú tí Kì í Kúrò Nílẹ̀

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Èmi tí mo ru yẹ̀pẹ̀ ní kékeré, tí mo sun abẹ́ afárá, tí iná tí mo fi ń jó irin fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú mi, èmi náà ló ń kan ọkọ̀ òfurufú lókè òkun báyìí. Sọ fún àwọn ẹlẹ́nu o!

Kì í fò ṣá. Inú rẹ̀ ni awakọ̀ òfurufú ti ń kọ́ṣẹ́: àwòrán sánmà á máa sáré níwájú rẹ̀, àga á máa mì bíi pé ó wà lókè. Èmi ni mo jó irin ẹsẹ̀ tó gbé àga náà ró pọ̀, irin tí erin ò lè tẹ̀.

Awakọ̀ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ bì sára. Ọmọ wa, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, ní irin mi ló wúwo jù, pé àwòrán á ti yí tán kí àga tó yí, ìyẹn ló ń da inú rú.

Mo ní, "Ìwọ tí mo fi iná irin rán lọ síléèwé?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sinmi."

Níwájú àwọn òṣìṣẹ́! Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in.

Ara mi le. Ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ni mò ń sùn báyìí, kí n má baà dí ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Má bi í léèrè.

Bá mi kí gbogbo ilé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà kúrò. Ẹlòmíràn ò ní fọwọ́ kàn án: èmi fúnra mi ni n ó gbé ayùn sí i.