Iná Abẹ́ Tapólì

Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Aránṣọ,
Odoakpu, Onitsha,
Ìpínlẹ̀ Anambra.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Gbàdàmọ́sí ọ̀rẹ́ mi, ẹni bí ara ẹni,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bílíkísù ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ará ilé yín ní Ìwó ńkọ́, pàápàá Ìyá Àgbà? Mo gbọ́ pé òjò kò gbàgbé yín níbẹ̀ náà. Ẹ kú ọ̀rinrin o. Tiwa níbí kò burú. Deborah ìyàwó mi ń kí yín. Aṣọ ń tà díẹ̀díẹ̀, omi kò sì tíì wọ ilé wa, a dúpẹ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Mo ti pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, a kíra, mo béèrè ilé béèrè ọ̀nà, mo sì pa fóònù. N kò sọ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ pè. Ojú ń tì mí, Gbàdàmọ́sí. Ojú ń tì mí débi pé n kò lè máa gbọ́ ohùn rẹ kí n sì sọ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ Hámzàt ni, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fẹ́ fi Sùmáyyà ọmọ rẹ ṣaya, tí o ní kí n bá ọ wádìí ìwà rẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ọ nípa rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ara tírélà ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

O rántí tírélà kékeré tí mo máa ń so mọ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì mi, èyí tí mo fi ń kó ẹrù aṣọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni iná ẹ̀yìn rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, lábẹ́ irin ìdí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba Okpoko kọjá lásìkò òjò ni omi ń mù ún. Àwọn aláàárù náà á tún gbá a lẹ́sẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ẹrù. Nígbà tó yá, iná ọ̀tún kú, tòsì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Mo lọ sí Nkpor, mo ra iná tuntun àti wáyà, mo ní èmi fúnra mi ni màá ṣe é. O ṣáà mọ̀ mí: ohun tí mo bá lè fọwọ́ ara mi bà jẹ́, n kì í gbé e fún oníṣẹ́.

Ká má parọ́, mo ṣe é dáadáa. Mo tú wáyà àtijọ́ kúrò, mo rí i pé ìpẹtà ti jẹ ibi tí wáyà ti fara kan irin, mo sì ha ibẹ̀ títí irin fi ń dán. Mo wá lu ihò sára òpó méjèèjì tó wà lẹ́yìn, mo gbé iná náà gòkè dé ìwọ̀n èjìká mi kí omi má bàa rí i mọ́, mo fi wáyà gígùn so ó, mo fi tápù dì í. Nígbà tí Deborah tẹ búrékì tí iná méjèèjì pọ́n yòò, díẹ̀ ló kù kí n jó. Mo ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wò ó. Deborah ní ó ku ká sọ ọ́ lórúkọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo ń kó ẹrù bọ̀ láti Fegge ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí òjò ṣú. Ìwọ náà ti ta aṣọ rí, o mọ ohun tí òjò jẹ́ fún aláṣọ: kí ó pa èmi sàn ju kí ó pa ẹrù lọ. Mo fa tapólì bo ẹrù láti orí dé ìdí, mo yí okùn mọ́ ọn, mo tan iná ọkọ̀, bí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà. Nígbà tí iná wà nísàlẹ̀, tapólì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé iná ti kúrò níbẹ̀.

Ní ìkóríta kan, omi kún ojú ọ̀nà, mo tẹ búrékì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì kọlu tírélà mi gbàù. Mo fi ìbínú bọ́ sílẹ̀. Gíláàsì iwájú kẹ̀kẹ́ náà ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń jáde níwájú orí awakọ̀. Kò tíì wo ojú mi tó fi pariwo pé, "Oga, light no dey your back o!" Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé èmi ni. Hámzàt ni. Sùmáyyà ti mú un wá kí wa nílé kí ẹ tó kó padà sí Ìwó, ó sì mọ̀ pé èmi ni mo dúró fún ọ níbí.

Àwọn tó ń sá fún òjò lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti jáde wá. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo béèrè pé iná tírélà náà dà. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ní èdè Ìgbò tó yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, pé tuntun ni iná mi, ọwọ́ mi ni mo fi dè é, afọ́jú yìí ló kọlù ú tó fi fọ́. N kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo pe Hámzàt ní òpùrọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó wò mí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ yẹn, ó fi àyà lélẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ forí jì mí."

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní kí wọ́n wò ó, pé ó ti gbà pé òun jẹ̀bi. Obìnrin alágbàdo náà ní, "E don beg. Na im fault be dat." Gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, ó jàre ni o, ó jẹ̀bi ni o, mo fi ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí lójú àwọn tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Kí n tó délé ni mo ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí mo pè ọ́. Mo ní òpùrọ́ ni, aláìbìkítà ni, kí o má fọmọ fún un. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ṣì ń ta mí lára di òní.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ kọjá ìrọ̀lẹ́ náà. Deborah bá mi tú okùn. Bí a ti ká tapólì sókè, iná pọ́n bá wa lójú. Méjèèjì ń tàn, wọn kò fọ́, wọn kò sán, wọ́n kàn wà lábẹ́ ibẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n daṣọ bò lójú. Mo wọlé, n kò lè jẹun.

Ṣé mo pè ọ́ padà? Rárá. Mo ní kí ilẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo ní kí ọjà tú. Ibi tí mo ti ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ni Sùmáyyà ti pe Deborah tó ń sunkún, pé o ti ní kí Hámzàt má tẹ ilé yín mọ́, o kò sì sọ ìdí rẹ̀. Deborah gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ̀yin lẹ fọ́ ilé ọmọ yìí kó tó kọ́ ọ."

Àná ni mo fa tírélà náà lọ sí ìkóríta yẹn, níbi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń tò sí. Hámzàt wà níbẹ̀, egbò iwájú orí rẹ̀ kò tíì jinná. Mo pe obìnrin alágbàdo, mo pe ẹnikẹ́ni tí mo bá rí. Mo tan iná, mo fa tapólì bò ó, mo ní bó ti rí lọ́jọ́ náà nìyí, pé èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin náà pòṣé. Ó ní, "Chai! Oga, shame no catch you?" Mo ní ó ti mú mi. Mo fẹ́ tẹrí ba fún Hámzàt, ó sáré dì mí mú.

Mo ti bá a pààrọ̀ gíláàsì kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Òun náà kò jẹ́ kí n dá tún tírélà ṣe. A jọ gbé iná náà kúrò lórí òpó, a jó irin gbọọrọ kan mọ́ ìdí tírélà kí ó yọ síta, a sì de iná mọ́ ọn; ó ga ju omi lọ, tapólì kò sì lè dé ibẹ̀. Ó wà lábẹ́ tírélà tó ń fún nọ́ọ̀tì nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò bá mi jà lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Bàbá, mo rí i. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀, mo rí iná náà tó ń pọ́n lábẹ́ tapólì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ dúró fún bàbá Sùmáyyà. Ṣé kí n wá na ọwọ́ sí i, kí àwọn ará ìta máa fi yín rẹ́rìn-ín?" Ó sì ní kí n na sípánà sí òun.

O ní kí n bá ọ wo ìwà rẹ̀, Gbàdàmọ́sí. Tèmi ni mo kọ́kọ́ rí, kò sì dára. Ẹni tó lè bo àṣírí mi nínú ẹrẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán lójú rẹ̀, kò ní tú àṣírí ọmọ rẹ. Jọ̀ọ́, pè é. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, mo fara mọ́ ọn.

Bá mi kí Bílíkísù àti Ìyá Àgbà. Kí o sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Sùmáyyà, má fi èyíkéyìí pamọ́. Ẹnu rẹ ni kó ti gbọ́ ọ, nítorí Hámzàt kò ní sọ ọ́ fún un láéláé.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì,

Ọládìran