Ọ̀tún Ìfọ́n, Òsì Ìlobù: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Nehemiah Ọládèjì Adégbénró (1936–1998)

Ìlobù, ní ilé Adégbénró, ni a ti bí olóògbé wa ọ̀wọ́n, Bàbá Nehemiah Ọládèjì Adégbénró, ní ọdún 1936. Joshua Adégbénró, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá wọn. Rachael, ẹlẹ́kọ, ni ìyá wọn. Àwọn ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n tú aago orí tábìlì bàbá wọn palẹ̀, wọ́n tò ó padà, irin kékeré kan sì ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Aago náà ṣiṣẹ́. Bàbá wọn nà wọ́n nítorí pé wọ́n tú u, ó sì fi irin tó ṣẹ́kù sápò títí ó fi kú, torí ó ní kò yé òun.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde ní ilé-ìwé ìjọ ní ọdún 1951. Ní 1953, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlàkọ́. Ìgbà yẹn, gílóòbù ni rédíò ń lò. Ẹni tó bá tàn án yóò jókòó dúró kí ó gbóná kó tó fọhùn. Wọ́n gbòmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ní 1959, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìlobù ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọdún 1963, wọ́n gbé Màmá Stella níyàwó, ọmọ Bámigbóyè láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tí í ṣe olùkọ́. Rédíò ilé-ìwé ló fà á. Tíṣà yìí gbé e wá pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rí i pé wọ́n kàn dorí bátìrì rẹ̀ kodò ni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí tíṣà fún àwọn, ojoojúmọ́ ni tíṣà sì ń wá wò ó. Ọdún kejìlélógún ìgbéyàwó ni wọ́n tó jẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Màmá, Alàgbà Akínọlá Bámigbóyè, tí ó fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìfọ́n, di ọ̀rẹ́ Bàbá ju bí àna ti í ṣe lọ. Ní ọdún 1976, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ra ẹ̀rọ sítẹ́ríò olójú fàdákà méjì tó jọra bí ẹyin, ọ̀kan fún Ìlobù, ọ̀kan fún Ìfọ́n. Kò sí gílóòbù nínú wọn mọ́, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ tí ènìyàn bá ti tàn án ló ń fọhùn. Bàbá ló so àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ sípíkà wọn. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni ohùn ti ń jáde nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀tún àti òsì, bọ́tìnì kan sì wà láàrin tí a fi ń darí ohùn sí ibi tó bá wuni. Bàbá sọ òsì ní Ìlobù, wọ́n sọ ọ̀tún ní Ìfọ́n. Bí ohùn bá fì sí apá kan, wọn á ní, “Ó ti ń lọ sí Ìfọ́n, dá a padà.” Àwa ọmọ kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Ní ọdún 1990 sí 1995, àwọn ẹ̀rọ tuntun kún ìgboro Òṣogbo, oníke, tí iná pupa àti aláwọ̀ ewé ń jó lójú wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi Bàbá pé kí ló dé tí wọn kò pààrọ̀ àgbàlagbà ẹ̀rọ yẹn. Bàbá á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e. Bí wọ́n bá gbé e, tí ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, Bàbá á ní irin ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wọn á ní kí wọ́n yí bọ́tìnì rẹ̀ wò, bó ṣe ń yí jẹ́jẹ́. Wọn á wá yí ìdí rẹ̀ sókè, wọn á fi ìdè mẹ́rin tó wà níbẹ̀, àwọn síkúrù, hàn wọ́n: ẹni tó fi ìdè de nǹkan fẹ́ kí a lè tún un ṣe, ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ti ń retí kí a jù ú nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rẹ́rìn-ín kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbé oníke wọn wá.

Nínú ìgbàgbọ́, Bàbá jẹ́ díákónì nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn ló sì ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ lófẹ̀ẹ́. Kí ààwẹ̀ tó wọlé lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà lófẹ̀ẹ́. Ìwà kan ṣoṣo tí ìdílé lè ké gbàjarè lé lórí ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bí ìròyìn bá ń lọ.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀rọ sítẹ́ríò Bàbá dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Fàwáz, tó wá gba rédíò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bi Bàbá pé kí ló ṣe sítẹ́ríò náà. Bàbá fèsì bí wọ́n ti í sọ ọ́ láti ogún ọdún: “Ìlobù ń sọ̀rọ̀, Ìfọ́n ti kú.” Ẹnì kan ń kọjá lọ wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ń gbóná láàrin ìlú méjèèjì lásìkò náà, kò sì sẹ́ni tó ń fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé Ìfọ́n pé àna wọn dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń yọ̀ pé Ìfọ́n ti kú.

Alàgbà Akínọlá kò béèrè. Wọ́n kàn kó ẹsẹ̀ wọn kúrò nílé wa ni. Lẹ́tà tí Bàbá kọ padà wá láìtú. Bí Màmá bá lọ sí Ìfọ́n, wọn á ní ẹ̀gbọ́n wọn ń sùn, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Níbi ìgbéyàwó Inúmidùn, ọmọbìnrin wọn, ní ọdún 1997, àga tí a fi sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó ṣófo títí a fi ká aṣọ orí tábìlì. Ó dun Màmá débi pé wọn kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n wọn mọ́ nínú ilé, ó sì dun Bàbá ju Màmá lọ, nítorí ẹnu wọn ló fà á.

Ẹyọ irin kékeré kan, tíráńsísítọ̀, ló jóná nínú ẹ̀rọ náà. Bàbá wá irú rẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n wá a dé Ìbàdàn; ayédèrú ni wọ́n ń tà. Ojúlówó kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ wà nínú ẹ̀rọ àna wọn, ta ni yóò sì tọrọ rẹ̀? A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n da ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ kí ó máa sọ̀rọ̀ lójú kan. Wọ́n kọ̀. Ọdún méjì àbọ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ Ìlobù nìkan, tí sípíkà ọ̀tún sì wà ní àyè rẹ̀, tí wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Wọ́n pe Màmá, wọ́n ní, “Gbé ẹ̀rọ yẹn tọ ẹ̀gbọ́n lọ. Má ṣàlàyé kankan. Yí i sí ọ̀tún, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.” Màmá àti Inúmidùn fi aṣọ wé e, wọ́n wọ ọkọ̀ gba Òṣogbo yí ká lọ sí Ìfọ́n, torí ìjà ilẹ̀ náà. Lọ́jọ́ yẹn, Alàgbà kò rí àyè sùn. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ iná àti sípíkà tó wà níbẹ̀, wọ́n yí i sí òsì, ó sọ̀rọ̀. Wọ́n yí i sí ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Màmá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Ìfọ́n tí wọ́n ní ó kú nìyẹn.” Wọ́n sì yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí wọn, níbi tí Bàbá ti fi ọ̀dà funfun kọ ÌLOBÙ sí òsì, ÌFỌ́N sí ọ̀tún.

Alàgbà dìde, wọ́n fa ẹ̀rọ tiwọn kúrò lára ògiri tí Bàbá ti gbé e sí láti ọdún 1976, wọ́n fi fìlà nu ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà kan náà, ọwọ́ kan náà: ÌLOBÙ, ÌFỌ́N. Ó ti wà nínú pálọ̀ wọn fún ọdún méjìlélógún. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n béèrè ìdí tí Nehemiah fi fi ìlú ara rẹ̀ sí òsì. Màmá ní, “Wọ́n ní ènìyàn kì í na ọwọ́ òsì sí àna.”

Ọjọ́ kejì ni Alàgbà gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá sí Ìlobù fúnra wọn. Wọ́n ní kí Bàbá tú tàwọn, kí wọ́n yọ ohun tí wọ́n nílò. Bàbá bi wọ́n pé kí ni Alàgbà yóò wá máa gbọ́. Alàgbà ní kí wọ́n yọ ọ́. Ọwọ́ Bàbá kò gbé e mọ́, Màmá ló di irin òjé tí a fi ń lẹ irin pọ̀ mú, Bàbá ń júwe, Alàgbà di tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n tàn án, Bàbá yí bọ́tìnì lọ sí ọ̀tún pátápátá, wọ́n sì gbọ́ ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá ní, “Ìfọ́n ti jí.”

Alàgbà ní, “Ẹ pariwo ẹ̀, kí ẹni tó ń kọjá lọ gbọ́.”

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá ọdún 1998, Bàbá sùn nínú Olúwa ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Màmá Stella Adégbénró ni opó tí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn ọmọ ni Tèmítọ́pẹ́, Bíọ́dún, Dọlápọ̀sí àti Inúmidùn. Ọmọ-ọmọ jẹ́ méje, tí a ti bẹ̀ kí wọ́n má fọwọ́ kan bọ́tìnì àárín.

Alàgbà Akínọlá ti ní kí ẹnikẹ́ni má wá irin mìíràn sí ẹ̀rọ tàwọn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ wọn ní Ìfọ́n lónìí, Ìlobù sì ni.

Bàbá Onírédíò, a gbọ́ yín lọ́tùn-ún, a gbọ́ yín lósì. Kí Ẹlẹ́dàá tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ sùn re o.