Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Àwọn Àgbà Inú Ẹ̀jẹ̀

Sí Bàbá wa, ọkọ olóògbé, àti ẹ̀yin ọmọ,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ọmọdé fi ń bá yín kẹ́dùn ìpapòdà Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹni tó máa ń fọ́nnu ní yàrá wa pé kò sí ohun tó ń ba àwọn lẹ́rù láyé yìí, àgàgà abẹ́rẹ́.

A ṣì ń wo àga onígi wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣàlàyé abẹ́rẹ́ àjẹsára fáwọn ìyá ọlọ́mọ. Wọ́n á ní bí fáírọ́ọ̀sì bá kọ́kọ́ wọ ara, ara kì í tètè rí ọmọ ogun tó mọ ọwọ́ rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀; ọjọ́ á máa gorí ọjọ́. Tó bá wá rí wọn, àwọn kan á máa rọ ohun ìjà tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀tá lára, àwọn kan á lọ wó ilé tí ọ̀tá bá ti gbà, tilé tọ̀tá. Tí ogun bá parí, ọ̀pọ̀ wọn á lọ, àgbà díẹ̀ á ṣẹ́ kù.

"Bí àwọn bàbá tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n jókòó síwájú ilé ni," Màmá á wí. "Ẹ ò ní rí i kí wọ́n ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Abẹ́rẹ́ yìí kàn ń fi àwòrán olè hàn wọ́n kí olè tó dé ni."

Ìyá kan wà tó yarí lọ́jọ́ kan ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní gún un. Bẹ́ẹ̀ ìgbóná tó ń sú sọ́mọ lára ti wọ àdúgbò tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọjọ́ náà gan-an ló bọ́ sí ọjọ́ tí àwa òṣìṣẹ́ máa gba abẹ́rẹ́ tiwa. Nígbà tó kan Màmá, a wá wọn tì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fíríìjì la ti bá wọn, wọ́n di ojú, wọ́n fi ìborùn we apá pinpin. Obìnrin tó yarí yẹn ló lọ di ọwọ́ wọn mú.

"Màmá, ṣé ó ń bà yín lẹ́rù ni?"

"Gan-an ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n màá gbà á."

Wọ́n gbà á, wọ́n sì kígbe tó kan òpópónà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ọmọ rẹ̀ wá síwájú. Ìgbóná dé lóòótọ́. Ó wọ ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ó wọ ti òsì, ó yà sílé tiwọn náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ti mọ ojú olè. Ọmọ náà ti di olùkọ́ báyìí. Nígbà tó gbọ́ ìròyìn yìí, ó wá jókòó sórí àga onígi náà.

Bàbá, a ó máa yà kí yín. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá nílò ìtọ́jú, ilẹ̀kùn wa wà ní ṣíṣí. Àga Màmá ò sì ní kúrò níbi tó wà.

Kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ jókòó tì yín, kó nu omijé yín nù, kó má jẹ́ kí ojú Màmá pa rẹ́ nínú ọkàn wa.

Òṣìṣẹ́ tó gba ipò wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ àná. Òun náà ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́.